Bí Afárá Kẹrin Bá Dé, Ṣé Ọ̀nà Ìkòròdú Á Là?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun, tó sì ń gbé ní Ìgbógbó, lápá Ìkòròdú. Mo gé e kúrú díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń kúrò nílé, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́jọ ti kọjá. Wọ́n fẹ ọ̀nà wa, wọ́n gbé BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní léènì tirẹ̀, dé Ìkòròdú, wọ́n ní rélùwéè ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó báyìí, síbẹ̀ ojú kan náà la wà. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé bí wọ́n bá ti kọ́ Fourth Mainland Bridge, ó tán nìyẹn. Ó tiẹ̀ fẹ́ lọ ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí afárá náà máa gbà. Ṣé òótọ́ ni pé afárá yìí máa gbà wá?"

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: afárá yẹn kọ́ ló máa gbé yín dé Balógun. Ẹ wo ibi tí wọ́n ní àwọn máa gbé e gbà. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ló ti máa mú orí, lápá Ajah, níbi tí wọ́n ń pè ní Abraham Adesanya. Á gun orí ọ̀sà kọjá sápá Ìkòròdú, á wá já sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nǹkan bíi kìlómítà 38 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ajah, ijó ló yẹ kó máa jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ Balógun, bó bá gun afárá yẹn, Ajah ló máa já sí, á wá bá gbogbo ará Lẹ́kkí tò padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó ń lọ Mushin kì í gba Badagry.

Mo mọ ohun tí ọkọ yín máa sọ: pé àwọn tó ń lọ Ajah á kúrò lórí Third Mainland Bridge, á sì fẹjú fún ẹ̀yin tó kù. Èrò yẹn kò burú, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá ń sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ló yẹ kí èyí yé jù. Bí ẹ bá gé owó léèsì sí ìdajì láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé àwọn oníbàárà mẹ́wàá tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa wá? Ẹni tí kò ní í rà tẹ́lẹ̀ á rà. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì á yà sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ní ó di ọdún Iléyá kóun tó rà á, á rà á lónìí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, èrò ti dí ẹnu ọ̀nà yín pa. Ọ̀nà náà ní iye tí à ń rà á, àmọ́ kì í ṣe náírà, àsìkò ni. Bí wọ́n bá sọ wákàtí méjì di wákàtí kan, ọjà ẹ̀dínwó ni wọ́n ṣí yẹn, gbogbo àwọn tí wákàtí méjì ti ń lé sẹ́yìn á tú jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde ní mẹ́rin ààbọ̀ á sùn di mẹ́fà, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ẹni tó ń gba Eko Bridge á yí ọwọ́ ọkọ̀ síbí. Ẹni tó ń pa mọ́tò rẹ̀ tì sílé, tó ń wọ bọ́ọ̀sì, á gbé e jáde. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tí ò ronú láti gbé Ìkòròdú rí á lọ kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé "ọ̀nà ti dáa". Nígbà yẹn la ó wá máa béèrè afárá karùn-ún.

A sì ti rí i rí. Carter Bridge ti wà láti ọdún 1901, wọ́n parí Eko Bridge ní 1975, àwọn méjèèjì dí. Ní 1990, nígbà Babangida, wọ́n parí Third Mainland Bridge, kìlómítà 11.8, afárá tó gùn jù ní Áfíríkà títí tí wọ́n fi parí ti Cairo ní 1996. Àwọn tó wakọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe: ẹ gùn ún ní Òwòróǹṣókí, kí ẹ tó bá ará ọkọ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù tán, Adéníjì Adélé ti dé. Lónìí, àwọn tó ń ta gálà àti omi tútù ń ná ọjà lórí rẹ̀.

Èkó fúnra rẹ̀ kò sì dúró dè wá. Òun ni ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù ní Nàìjíríà, kìlómítà 3,577 níbùú lóròó, omi sì ló gba ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1963, ìlú Èkó ní èèyàn tó lé díẹ̀ ní 660,000. Ní 2006, ètò ìkànìyàn ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ mílíọ̀nù 9.1. Ìjọba Èkó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní tàwọn ju mílíọ̀nù 17 lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, kò sí iye afárá tó lè bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ sáré bó bá jẹ́ pé mọ́tò kọ̀ọ̀kan là ń wá àyè fún.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ètò ìrìnnà yìí, wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Fadeyi, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi rúlà pín sí méjì: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lápá kan, ọkọ̀ èrò lápá kejì. Mò ń fa ìlà mẹ́rin, ẹ̀karùn-ún á dábùú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kún ojú ìwé kan kún èkejì láti àárọ̀. Apá ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú fún ìlà, inú mi dùn sí iṣẹ́ mi. Ọ̀gá wa dé lọ́sàn-án, ó wo ìwé náà, ó ní, "Ọkọ̀ lo kà. Èèyàn dà?" Ó ní kí n dìde, kí n máa wo ojú fèrèsé, orí ni kí n kà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, apá kejì tó ṣófo láàárọ̀ ti kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Danfo kan tí kọ́ńdọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń ké "Ẹ mú ṣénjì yín dání o!", ẹni méjìdínlógún ló wà nínú ẹ̀. Jíìpù tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ẹni kan ṣoṣo àti ife tíì. Àyè tí àwọn méjèèjì gbà lórí títì kò yàtọ̀ púpọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni ka mọ́tò mọ́. Léènì kan, bó ti wù kó dán tó, ekukáká ni yóò fi kọjá mọ́tò 2,000 ní wákàtí kan. Ká ní èèyàn kan ààbọ̀ wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan, èèyàn 3,000 ni. Ní báyìí, ẹ fún bọ́ọ̀sì ńlá ní léènì kan náà, kí ọ̀kan tó gbé 70 máa kọjá ní ìṣẹ́jú kan kan. Ó di 4,200, ẹ ó sì rí i pé títì ṣófo láàárín bọ́ọ̀sì kan sí èkejì, ọmọdé lè fò ó kọjá. Òfìfo yẹn ló ń bí àwọn onímọ́tò nínú tí wọ́n fi ń ní ìjọba fi léènì ṣòfò. Wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n bá bọ́ sínú ẹ̀, ó tán.

Ohun tí BRT wá ṣe nìyẹn. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀, láti Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, nígbà Fashola. Nǹkan bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe é, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là fún kìlómítà kan, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ìlú mìíràn ná sórí tiwọn. Ní 2015 wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ibi tó ti ń jò hàn yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà náà ni wọ́n fi bèbè kọnkéré là sọ́tọ̀. Nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ni. Ọ̀dà nìkan ni wọ́n kùn sílẹ̀ ní ìdá 20, èyí tó ṣẹ́kù, àti bọ́ọ̀sì àti danfo àti ajagbe, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ wà. Ibi tí kọnkéré yẹn bá ti parí, BRT ti di danfo ńlá. Ìlà ọ̀dà kò dá ẹnikẹ́ni dúró l'Ékòó, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ tún wá fi àwọn tó ń tan iná pupa, tí sáírẹ́nì wọn ń ké tanran nínú léènì bọ́ọ̀sì, kún un. Ẹni tó sáré wọ ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ti dá àádọ́rin èèyàn dúró.

Ìjò kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, bọ́ọ̀sì ni. Léènì tó dá wà láìsí bọ́ọ̀sì tó tó dà bí igbá ọlọ́jà tí kò lọ́jà nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìlà ní gáréèjì Ìkòròdú láago márùn-ún mọ̀ ju mi lọ. Bọ́ọ̀sì ń gbó, páátì rẹ̀ ń wọ́n, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Nídìí iṣẹ́ wa, ìṣẹ́jú kan tí èèyàn fi dúró de ọkọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì la máa ń kà á sí, nítorí bó ṣe ń ṣe ara nìyẹn. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ lè sùn. Ẹni tó ń nà lóòró nínú òkùnkùn, tó ń di báàgì mú mọ́ àyà, kò lè sùn.

Ẹ dárúkọ rélùwéè. Orí mi ń gbóná bí mo bá dé ibẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ ti Èkó ní 1983, Metroline ni wọ́n pè é, Ṣàgàrí ló sì wá fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìjọba ológun dé, wọ́n wọ́gi lé e ní 1985. A sanwó ìtanràn fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, ó ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ, láìrí ẹsẹ̀ bàtà kan ojú irin. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ yẹn lélẹ̀ ti pé ogójì ọdún kí rélùwéè ìgboro tó gbé èrò l'Ékòó. Ohun tó tún dùn mí ni pé kì í ṣe ohun àjèjì sí wa: láti 1902 títí di 1933 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gbéra ní Ìddó, tó ń gba orí Carter Bridge wọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ó dé báyìí, a dúpẹ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Red Line tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá 2024, láti Agbado sí Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Ìkòròdú kò sí lójú ọ̀nà èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí àǹfààní rẹ̀. Wọn ò sì dọ́gba. Iná mànàmáná ló ń wa ti Blue, ojú irin tirẹ̀ sì ni, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni Red ń lò, ojú irin tí ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń gbà ló ń bá wọn gbà, kò lè máa lọ bọ̀ bó ṣe wù ú. Òyìngbò ló sì ń já èrò sí, ẹni tó ń lọ Marina ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì. Ibi tí Red ti ṣe é dáadáa ni àwọn afárá tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò sórí ojú irin ní Yábàá, Mushin àti Ìkẹjà. Ẹni tí kò wọ rélùwéè rí ń jẹ nínú ìyẹn, torí ẹnikẹ́ni kì í dúró de ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n mú Òṣòdì wá, torí òun ni mo fi ń dá àwọn tó fẹ́ràn afárá lóhùn. Ẹni tó mọ Òṣòdì kí 2009 tó dé mọ̀ pé ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọjà ló wà lórí rẹ̀. Ata, bàtà, kásẹ́ẹ̀tì, danfo tó dábùú tó ń pe èrò, léènì kan péré ló kù fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn ni ìjọba lọ kó o kúrò. Wọn ò fi léènì kan kún títì, wọn ò kọ́ afárá kankan, síbẹ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ ìyá ló pàdánù ìsọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí ibòmíràn dúró sí. Ó yẹ kí wọ́n ti wá àyè fún wọn kó tó di pé wọ́n gbé katakata wá. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí ẹ rí àwọn ọkọ̀ tó ń já tòmátì àti ata tó ti òkè ọya wá sórí títì, ẹ ó mọ̀ pé ìdajì ìyà yín kò sí lórí omi tí wọ́n fẹ́ fi afárá là. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló wà.

Omi náà ṣá, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkòròdú dojú kọ ọ̀sà. Mọ́tò ló ní láti yí ká gba Mile 12 àti Ojota. Ọkọ̀ ojú omi máa ń gba àárín. Láti èbúté Ìpakòdò, ọkọ̀ ń lọ CMS àti Ẹ̀bútè Èrò, Ẹ̀bútè Èrò sí Balógun, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn ín. Owó rẹ̀ máa ń ju ti bọ́ọ̀sì lọ, kò sì gba ẹni tó di bélì aṣọ mẹ́ta. Ó tún ní ìgbà tí ewéko tó ń léfòó máa ń bo ojú ọ̀sà, tí yóò máa wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ wọ̀ ọ́ láìsí jákẹ́ẹ̀tì tó yè kooro lọ́rùn yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n máa pè yín ní ojo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ ò bá ní ẹrù, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ọkọ yín fẹ́ rà. Ẹ ní kó dá ọwọ́ dúró ná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ afárá yìí, gómìnà ti jẹ, gómìnà ti lọ, owó tí wọ́n ń dá lé e sì ti ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Wọ́n ti yí ibi tó máa gbà padà rí nítorí ilé tó máa wó, kò sì sí ohun tó ní wọn ò lè tún un yí. Ẹni tó ra ilẹ̀ "ẹ̀gbẹ́ afárá" lè jí lọ́jọ́ kan kó bá ara rẹ̀ lábẹ́ afárá. Ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ náà kò ní í sọ fún un. Kó gba ìwé sọ́fè ilẹ̀ yẹn, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Owó tí yóò ná síbẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó kúrò ní Ìgbógbó, ẹ má kó lọ sí Agbado tàbí Mile 2 kìkì nítorí pé rélùwéè wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo owó ilé, torí àwọn onílé náà ti gbọ́ ìró rélùwéè. Kẹ́ ẹ wá wo bí ilé ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ tó. Bí ẹ bá máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì kí ẹ tó débẹ̀, ìyà kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, ẹ la ojú ìwé kan sí mẹ́rin: ìgbà tí ẹ kúrò nílé, ìgbà tí ẹ dé orí ìlà ní gáréèjì, ìgbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, ìgbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹ má ṣe máa fojú díwọ̀n, aago ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ orí ìlà ni wákàtí yín ń bá lọ, ẹ ò ní í torí ẹ̀ kó kúrò nílé. Kí ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì ní ibi tí wọ́n ti ń dá a sílẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ gbé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lọ sórí omi. Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì ló ń lọ sí, ẹ kọ orúkọ ibi tó ti ń dúró jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mile 12, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí afárá ibi tí kọnkéré ti parí. Ẹ fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ń san fún kẹ̀kẹ́ láti Ìgbógbó dé gáréèjì sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti kà.